Orí Kẹfà: Ohun Tó Ń Mú Fọ́tò Ṣá, àti Ohun Tó Ń Mú Un Pẹ́

Ní Ìlọrin, ilé ìfìwéránṣẹ́ ló fún odidi àdúgbò lórúkọ. Bí ẹ bá ti sọ fún ọlọ́kadà pé Post Office lẹ ń lọ, kò tún ní í bi yín léèrè ọ̀nà mọ́. Ibẹ̀ ni ẹni tó fẹ́ ṣe fọ́tòkọ́pì ń lọ, ibẹ̀ ni ẹni tó fẹ́ tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó ń lọ, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń tẹ fọ́tò.

Mo jókòó sí ìsọ̀ kan níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, oníbàárà méjì sì wọlé tẹ̀lé ara wọn. Ọmọkùnrin kan ló ṣáájú, ó fẹ́ pásípọ́ọ̀tù mẹ́jọ fún fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́. Ìyá àgbà kan tí a jọ ń gbé àdúgbò ló tẹ̀ lé e. Ó tú ìwé ìròyìn tó ká sọ́wọ́, ó sì mú fọ́tò kékeré kan jáde: fọ́tò olóògbé ọkọ rẹ̀, dúdú àti funfun, tí etí rẹ̀ kan ti gé. Fídáù baba náà ń bọ̀, wọ́n sì fẹ́ kí fọ́tò náà di ńlá, kó wọ férémù, kó sì dé ara ògiri pálọ̀.

“Alhaja, ẹ jókòó, ẹ ò ní í pẹ́ rárá,” ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ wí fún un. Òótọ́ ló sọ, kò pẹ́. Ẹ̀rọ tó fi tẹ pásípọ́ọ̀tù ọmọ yẹn náà ló fi tẹ àwòrán baba. Íǹkì kan náà ni, pépà inú páálí kan náà ni.

Iṣẹ́ pásípọ́ọ̀tù ọmọ yẹn kò ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ti gba fọ́ọ̀mù rẹ̀ tán, ó parí. Àwòrán baba ńkọ́? Ọmọ-ọmọ tí wọn kò tíì bí ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ dè. Òjò méjì lẹ́yìn náà, mo lọ kí Alhaja nílé. Agbádá funfun baba ti di àwọ̀ ìpara, ojú rẹ̀ sì pọ́n bí ẹni tí wọ́n fi osùn kùn. Alhaja wọ yàrá, ó sì mú fọ́tò kékeré àkọ́kọ́ jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀. Dúdú rẹ̀ ṣì dúdú. Ó bi mí pé kí ló dé tí àgbà fi borí ọmọdé báyìí. Ìbéèrè rẹ̀ ni orí yìí fẹ́ dáhùn, nítorí ọjọ́ tí a tẹ fọ́tò, lórí káúńtà gan-an, ni a ti ń pinnu iye ọdún tí yóò lò.

Ìgbà tí fífọ jẹ́ fífọ

Títí di òní, a ṣì ń sọ pé a fẹ́ lọ fọ fọ́tò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi kì í kan fọ́tò mọ́ ní ọ̀pọ̀ ìsọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀ kíkún nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Nínú yàrá òkùnkùn, ayafọ́tò yóò ti pépà bọ inú oògùn tó ń mú àwòrán jáde, yóò gbé e sínú oògùn mìíràn tí wọ́n ń pè ní hypo kí ó lè kó fàdákà tí ìmọ́lẹ̀ kò kàn kúrò, lẹ́yìn náà ni yóò wá fi omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ fún ìgbà pípẹ́. Bí hypo bá ṣẹ́kù lára pépà, sulphur inú rẹ̀ yóò máa jẹ fàdákà náà díẹ̀díẹ̀ títí àwòrán yóò fi rí bí ewé gbígbẹ. Ayafọ́tò tó kánjú gbé fọ́tò kúrò lómi ti bà á jẹ́, bí ojú kò tilẹ̀ tíì rí i.

Fọ́tò tí wọ́n bá fọ̀ dáadáa ń pẹ́ nítorí pé fàdákà gidi, tó rí wẹ́wẹ́ nínú awọ gelatin tín-ín-rín, ni dúdú tí a ń rí lára rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kì í tètè rí fàdákà ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ S. O. Alonge ti Ìlú Benin, tó dá Ideal Photo Studio sílẹ̀ ní 1942 tó sì ń yàwòrán ní ààfin Ọba Benin, ṣe wà títí tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ ọnà Áfíríkà ti Smithsonian ní Amẹ́ríkà fi ṣe àfihàn rẹ̀ ní 2014.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ ní Ìlá Ọ̀ràngún, nítorí kò sí ibi tí mo mọ̀ tó ṣàlàyé ẹrù tó wà léjìká fọ́tò ní ilẹ̀ Yorùbá tó ibẹ̀. Ní 1975, Stephen Sprague, ọmọ Amẹ́ríkà kan, ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ àwọn ayafọ́tò ìlú náà, ó sì tẹ ohun tó rí jáde ní 1978. Bí ìdílé kan bá pàdánù ọ̀kan nínú ìbejì, ayafọ́tò lè ya èyí tó kù, kó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan náà, kí ó fi dà bí ẹni pé Táíwò àti Kẹ́hìndé jókòó ti ara wọn. Bó bá jẹ́ pé ọkùnrin kan àti obìnrin kan ni wọ́n, wọn a wọ aṣọ ọkùnrin fún èyí tó kù, wọn a yà á. Wọn a tún wọ aṣọ obìnrin fún un, wọn a tún yà á. Iṣẹ́ tí ère ìbejì ń ṣe ni wọ́n gbé fún fọ́tò yẹn. Ẹ wá rò ó wò, bí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ bá ṣá, kí ló ṣá?

Nígbà tí fọ́tò aláwọ̀ gbòde, fàdákà kúrò nínú àwòrán. Oògùn yóò kó o jáde tán, àwọ̀ mẹ́ta péré ni yóò kù lórí pépà: cyan tó jọ àwọ̀ ojú ọ̀run, magenta tó sún mọ́ pupa, àti yellow. Nínú púpọ̀ nínú pépà àwọn ọdún 1970, cyan ló ń kọ́kọ́ kú, àní nínú àpótí tí ìmọ́lẹ̀ kì í dé. Ẹ yẹ álíbọ́ọ̀mù ìgbéyàwó àwọn òbí tàbí àwọn òbí àgbà yín wò. Bí gbogbo àlejò bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, cyan ló ti lọ. Ẹ rántí èyí, nítorí cyan yóò tún padà wá dá wa lóró nínú ẹ̀rọ inkjet.

Íǹkì méjì tí kò jọra

Ẹ̀rọ inkjet ń tu íǹkì sórí pépà láìfara kàn án. Ẹ̀kán rẹ̀ kéré débi pé picoliter la fi ń wọ̀n ọ́n. Picoliter kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù kan mílílítà. Ti Canon àti HP ń fi ooru lé íǹkì jáde, ti Epson sì ń fi iná mànàmáná mú òkúta kékeré kan fún un jáde. Fún pípẹ́ fọ́tò, ìyàtọ̀ yìí kò ṣe nǹkan kan. Ohun tó ṣe pàtàkì ni ohun tó wà nínú íǹkì náà.

Ẹ bu iyọ̀ sínú ife omi kan, ẹ bu ẹfun sínú ìkejì, kí ẹ sì rò wọ́n. Iyọ̀ yóò yọ́ pátápátá, ẹ kò ní í rí i mọ́. Ẹfun yóò sọ omi di funfun, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi sílẹ̀, yóò silẹ̀ sí ìdí ife, nítorí kò yọ́. Ó kàn léfòó ni. Dye dà bí iyọ̀ yẹn: mólíkù rẹ̀ kọ̀ọ̀kan dá dúró nínú omi. Pigment dà bí ẹfun: lẹ́búlẹ́bú ni, ẹyọ rẹ̀ kan kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú 10,000 mílímítà lọ, síbẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún mólíkù ló dì pọ̀ sínú rẹ̀. Dye àti pigment làwọn tó ń ta íǹkì ń pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ náà la ó ṣe pè wọ́n níhìn-ín.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pípẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kan mólíkù dye kan tó já ìdè rẹ̀, àwọ̀ tó wà lójú ibẹ̀ ti parí. Ti pigment dà bí òkìtì àgbàdo tí ẹyẹ bà lé: ti òkè ni wọ́n ń ṣà jẹ, ti inú kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹyẹ dé.

Ọmọ Ìlọrin kò nílò ilé ìdánwò láti mọ̀ bí pigment ṣe rí. Ẹni tó bá lọ ilé kéú ti mọ tàdáwà tí wọ́n fi èédú ṣe. Èédú jẹ́ carbon, ó sì wà lára pigment tó le jù lọ lójú oòrùn. Ẹ gbé wàláà síta láti àárọ̀ di alẹ́, ìkọ̀wé orí rẹ̀ kò ní í ṣá. Ṣùgbọ́n bí alfa bá da omi sí wàláà yẹn, gbogbo rẹ̀ yóò fọ̀ kúrò, omi náà yóò sì di hàntú. Nítorí náà ọ̀ràn méjì ni. Àwọ̀ lè kọ̀ láti ṣá, kó sì tún fọ̀ kúrò bí omi bá kàn án. Àwọn tó ń ṣe pigment fún ẹ̀rọ inkjet máa ń fi ohun tó jọ gọ́ọ̀mù wé e kí ó lè di pépà mú, ohun tí tàdáwà wàláà kò fẹ́, nítorí pé kíkọ àti fífọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀rọ tí tánkì íǹkì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, irú Epson L805 tó ní àwọ̀ mẹ́fà, dye ni wọ́n ṣe é fún. Àwọ̀ rẹ̀ dùn, kì í tètè dí, owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. N kò bá ẹnikẹ́ni wí pé ó ń lò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí íǹkì inú tánkì bá tán, tí wọ́n sì da ti inú ìgò tí kò ní orúkọ sí i, kò sí ẹni tó mọ irú dye tó wà níbẹ̀, a kò sì lè ṣèlérí ọdún kankan fún oníbàárà.

Nǹkan kan tún wà tó fara sin. Nígbà tí irú ẹ̀rọ yìí bá ń tẹ fọ́tò dúdú àti funfun, kì í ṣe íǹkì dúdú nìkan ló ń lò. Ó ń po cyan, magenta àti yellow pọ̀ kí ó tó rí eérú àti òjìji. Bí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta bá kú, àwọn méjì tó kù yóò jọba. Cyan lọ, àwòrán pọ́n. Magenta lọ, ó ṣe bí ewé. Yellow lọ, ó di búlúù. Bí ojú baba Alhaja ṣe di ojú olósùn nìyẹn: cyan ti filé sílẹ̀. Lára aláwọ̀ dúdú, ìyà yìí máa ń hàn kíákíá, nítorí cyan wà lára ohun tí ẹ̀rọ fi ń ya dúdú ara wa.

Pépà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí pépà bá ti ń dán tó sì nípọn, ó dára. Dídán àti nínípọn kò sọ nǹkan kan fún wa nípa ọdún. Ohun tó wà lójú pépà, níbi tí íǹkì ń bọ́ sí, ni ká béèrè.

Oríṣi kan wà tí ojú rẹ̀ jẹ́ gelatin tàbí ohun tó jọ ọ́. Bí íǹkì bá bọ́ lé e, ó máa ń wú bí gàrí tí a bomi sí, yóò gba dye mọ́ra, nígbà tó bá sì gbẹ, yóò pa dé mọ́ ọn lórí. Afẹ́fẹ́ kò ní í rí ọ̀nà wọlé. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í tètè gbẹ, omi sì ń bà á jẹ́.

Oríṣi kejì ni microporous. Yẹ̀pẹ̀ silica tàbí alumina tó kúnná gan-an ni wọ́n tẹ́ sójú rẹ̀, ihò tín-tìn-tín sì wà láàárín yẹ̀pẹ̀ náà. Íǹkì yóò rì sínú ihò wọ̀nyí lójú ẹsẹ̀, fọ́tò yóò sì gbẹ kí oníbàárà tó ka owó tán. Ìdí nìyí tí ọjà fi fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ihò tí íǹkì gbà wọlé kò ní ìlẹ̀kùn. Afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ kọjá tọ̀sán-tòru, dye sì wà níbẹ̀ ní ìhòòhò. Bó bá jẹ́ pigment la lò, ihò yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú. Dye lórí microporous, láìsí gíláàsì, ni ìdàpọ̀ tó léwu jù lọ, òun kan náà ló sì yá jù lọ.

Ẹ lè fi ọwọ́ mọ ìyàtọ̀ wọn. Ẹ mú pépà tí a kò tíì tẹ nǹkan sí, ẹ fi itọ́ kan ìka, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ igun rẹ̀. Bó bá ń fà bí ọ̀dà tó fẹ́ gbẹ, oní-gelatin ni. Bó bá fa omi náà mu lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, tó sì ń dún fín-ín bí ìka bá ń gbá a kọjá, microporous ni. Lẹ́yìn náà ẹ ya etí pépà náà: bí ẹ bá rí awọ ike tẹ́ẹ́rẹ́ lókè àti nísàlẹ̀, ike ni wọ́n fi bo pépà náà, bí kò bá sí, pépà lásán ni títí dé ẹ̀yìn, omi á sì tètè wọ̀ ọ́.

Ìfunfun pépà náà ń tan ojú jẹ. Àwọn ìyá wa máa ń fi búlúù sí omi aṣọ funfun kí ó lè mọ́ ju bó ṣe wà lọ. Àwọn tó ń ṣe pépà náà ń fi oògùn kan sí i tó ń gba ìtànṣán ultraviolet, tó sì ń sọ ọ́ di ìmọ́lẹ̀ búlúù. Oògùn yẹn máa ń kú bó pẹ́ bó yá, pépà á sì padà sí àwọ̀ tirẹ̀, tó rí bí ìpara. Agbádá baba kò dọ̀tí. Apá kan nínú ìyípadà rẹ̀ wá láti ibi pépà. Bí a bá fẹ́ kí fọ́tò pẹ́, pépà òwú tí kò ní irú oògùn yìí, tí kò sì ní ásíìdì, ló dára jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfunfun rẹ̀ kì í ta lójú lórí káúńtà.

Afẹ́fẹ́, ọ̀tá tí a kì í rí

Fún ìgbà pípẹ́, ìmọ́lẹ̀ nìkan ni àwọn tó ń ṣe íǹkì ń bẹ̀rù. Ní 2000, Epson gbé ẹ̀rọ Stylus Photo 870 àti 1270 jáde pẹ̀lú dye àti pépà dídán onímicroporous. Wọ́n ti fi ìmọ́lẹ̀ dán an wò, ó sì yege. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe pé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, fọ́tò wọn ti pọ́n bí ọsàn, àwọn mìíràn ní ìlú mìíràn sì ní àwọn kò rí nǹkan kan. Èyí tó wà lẹ́yìn gíláàsì kò pọ́n. Èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ní gbangba pọ́n. Nígbà tí wọ́n tú ọ̀rọ̀ náà wò, ozone ló ń jẹ cyan. Láti ìgbà náà ni ìdánwò ozone ti di ara ohun tí àwọn ilé ìdánwò ń ṣe.

Ọ́síjìn mẹ́ta tó so pọ̀ ni ozone. Lókè réré, ó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ oòrùn. Nísàlẹ̀ níhìn-ín, oníjàgídíjàgan ni. Ibi tí èéfín ọkọ̀ àti ti jẹnẹrétọ̀ bá ti pàdé oòrùn líle ni ó ti ń wáyé. Àwọn ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì kan náà ń mú díẹ̀ jáde bí iná alágbára bá ti ń ta nínú wọn. Ẹ wá ro àárín Post Office wò lọ́sàn-án gangan. Èéfín ọkọ̀ àti ti jẹnẹrétọ̀ tí oòrùn ń sè lójú títì náà ló ń fẹ́ wọ inú ìsọ̀ tí a ti ń kó fọ́tò sílẹ̀ kí ó gbẹ. Kódà fáànù pálọ̀ ń kún un: bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń yára gba ojú fọ́tò kọjá tó, bẹ́ẹ̀ ni ozone tó ń kàn án ṣe ń pọ̀ tó.

Òjò àti ọyẹ́ náà ní ipa tiwọn. Lásìkò òjò, ọ̀rinrin máa ń wọ inú fọ́tò, dye tó ti dúró yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ìlà tó mú ṣáṣá tẹ́lẹ̀ yóò wú, òjìji abẹ́ àgbọ̀n yóò ràn mọ́ ọrùn. Bí ọ̀rinrin bá dúró pẹ́, gelatin yóò hu èbu. Bí ọyẹ́ bá dé, ojú fọ́tò yóò gbẹ ju ẹ̀yìn lọ, fọ́tò yóò sì ká bí ewé. Ooru wà nídìí gbogbo rẹ̀: Svante Arrhenius, onímọ̀ kẹ́míkà ará Sweden, fi hàn ní 1889 bí ooru ṣe ń mú iṣẹ́ kẹ́míkà yára, nínú ọ̀pọ̀ nǹkan sì rèé, bí ooru bá fi dígíríì 10 lé sí i, ìyára náà ń tó ìlọ́po méjì. Àpótí fọ́tò tí ẹ gbé sókè àjà, lábẹ́ páànù, inú ààrò lẹ gbé e sí.

Ọdún ọgọ́rùn-ún ní pálọ̀ ta?

Lára páálí íǹkì, ẹ lè rí i tí wọ́n kọ pé fọ́tò yóò lo ọdún 100. Ta ló ka ọdún náà? Kò sí ẹ̀rọ inkjet fọ́tò kankan tó tíì pé ọdún 100 láyé. Ṣe ni wọ́n ń kó ìmọ́lẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún pọ̀ sínú ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀, wọn a wo bí àwọ̀ ṣe dín kù, wọn a sì fi ìṣirò mọ iye ọdún. Henry Wilhelm, tí ilé ìdánwò rẹ̀ wà ní Grinnell ní ìpínlẹ̀ Iowa, tó sì kọ ìwé ńlá kan lórí pípẹ́ fọ́tò aláwọ̀ ní 1993, ló jẹ́ kí irú ìdánwò yìí di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Image Permanence Institute ní Rochester náà ti wà lẹ́nu irú iṣẹ́ yìí láti 1985.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé pálọ̀ kò dọ́gba. Lux la fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sójú nǹkan. Wilhelm gbà pé ìmọ́lẹ̀ 450 lux ń kan fọ́tò fún wákàtí 12 lójúmọ́. Ilé iṣẹ́ Kodak ní tirẹ̀ lo 120 lux fún iye wákàtí kan náà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀:

450 × 12 × 365 = 1,971,000 lux-wákàtí lọ́dún.

120 × 12 × 365 = 525,600 lux-wákàtí lọ́dún.

Bí a bá pín ti òkè fún ti ìsàlẹ̀, a ó rí 3.75. Nítorí náà, fọ́tò tó ní ọdún 100 ní ìwọ̀n Kodak kò ní tó ọdún 27 ní ìwọ̀n Wilhelm, bó bá jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ nìkan là ń kà. Fọ́tò kan náà ni, irọ́ kò sí nínú ọ̀kankan; pálọ̀ tí wọ́n rò lọ́kàn ló yàtọ̀. Àwọn méjèèjì sì ṣe ìdánwò nínú yàrá tó tutù. Wilhelm ń lo nǹkan bí dígíríì 24. Ẹ mọ iye tó ń jẹ́ nínú pálọ̀ tiwa ní oṣù Ẹrẹ́nà nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ.

Ẹ tún wo oòrùn gangan. Lọ́sàn-án, ìmọ́lẹ̀ oòrùn tààrà tó nǹkan bí 100,000 lux. Ojúmọ́ kan ní pálọ̀ Kodak jẹ́ 1,440 lux-wákàtí. Wákàtí kan péré lójú oòrùn jẹ́ ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ 69 ní pálọ̀ yẹn. Àwọn fọ́tò àfihàn tí sítúdíò ń gbé kọ́ síta kí èrò lè rí iṣẹ́ wọn, bí oòrùn bá kàn wọ́n fún wákàtí mẹ́jọ, ti gba ìmọ́lẹ̀ ọdún kan àti ààbọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ dúró níwájú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, kí ẹ wo igun tí férémù ṣíji bò. Àwọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Bí a bá ti mọ èyí, a lè fi ojú tó tọ́ wo ìfiwéra. Nínú ìdánwò Wilhelm, ọ̀pọ̀ pigment lórí pépà tó bá wọn mu, lẹ́yìn gíláàsì, ló kọjá ọdún 60. Dye kan náà lè lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí pépà kan, kó má sì pẹ́ rárá lórí òmíràn. Nítorí náà, ẹni tó bá béèrè pé íǹkì wo ló ń pẹ́ kò tíì béèrè tán. Ó kù kí ó béèrè pépà tí yóò bọ́ lé àti ibi tí wọn yóò gbé e kọ́.

Nídìí káúńtà

Ìbéèrè tó yẹ kí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kọ́kọ́ bi Alhaja kò ju méjì lọ: “Ẹ jọ̀ọ́ Mà, níbo lẹ fẹ́ gbé e sí, báwo lẹ sì ṣe fẹ́ kó pẹ́ tó?” Bó bá jẹ́ fún ọjọ́ fídáù nìkan, dye àti pépà tó wà nílẹ̀ ti tó. Bó bá jẹ́ fún ọmọ-ọmọ, kí ó sọ fún un pé owó pigment yàtọ̀, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀. Mo gbà pé oníbàárà tó mọ̀ yóò san án, tàbí kó sọ pé kí a tẹ ẹ́ kékeré. Kékeré tó pẹ́ sàn ju ńlá tó pọ́n.

Bí fọ́tò bá jáde nínú ẹ̀rọ, kí a má ṣe kánjú ti gíláàsì mọ́ ọn. Pépà microporous ń dà bí ẹni pé ó ti gbẹ, ṣùgbọ́n àwọn èròjà kan nínú íǹkì ṣì ń jáde. Bí a bá pa á dé lọ́jọ́ náà, wọn yóò hù sára gíláàsì bí ìrì. Ẹ jẹ́ kó lo ọjọ́ kan gbáko, níbi tí eruku kò sí. Nígbà tí ẹ bá ń fi sí férémù, ẹ fi páálí tí kò ní ásíìdì ya fọ́tò kúrò lára gíláàsì, nítorí bí ọ̀rinrin òjò bá dé, fọ́tò tó kan gíláàsì yóò lẹ̀ mọ́ ọn, kò sì sí bí a ó ṣe yọ ọ́ tí kò ní í ya. Gíláàsì yìí ń ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan: ó ń dí apá kan nínú ultraviolet lọ́nà, ó sì ń dí afẹ́fẹ́ lọ́nà. Ẹ gbé e kọ́ sí ògiri tí oòrùn fèrèsé kì í kàn.

Álíbọ́ọ̀mù oní-gọ́ọ̀mù tí ike rẹ̀ ń rùn, ẹ yàgò fún un. Ike PVC ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, epo tó wà nínú rẹ̀ ń jáde bọ́ sára fọ́tò. Ike polypropylene tàbí polyester kò ní irú epo bẹ́ẹ̀. Ní ti fáìlì fọ́tò náà, ẹ tọ́jú rẹ̀ sí ibi méjì, ó kéré tán, nítorí fóònù ń sọnù.

A padà tún àwòrán baba náà tẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú pigment lórí pépà òwú, kò sì tóbi tó ti àkọ́kọ́. Alhaja fúnra rẹ̀ ló yan ògiri tí fèrèsé kò kọjú sí. A mú fọ́tò kékeré kúrò nínú ìwé ìròyìn, nítorí pépà ìwé ìròyìn ní lignin àti ásíìdì tó ń ba ohun tó bá wà nítòsí rẹ̀ jẹ́, a sì fi sínú àpò polypropylene. Fàdákà ló gbà á sílẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ tẹ fọ́tò kan ní ìsọ̀ tó wà nítòsí yín, kí ẹ rí i pé ojú ènìyàn wà nínú rẹ̀ àti ibì kan tó jẹ́ àwọ̀ eérú lásán. Ẹ gé e sí ọ̀nà mẹ́rin tí ojú àti eérú fi wà lára gbogbo wọn. Ẹ fi ọ̀kan sínú àpòòwé, kí ẹ sì tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Òun ni ẹlẹ́rìí. Ẹ gbé ìkejì sójú fèrèsé lẹ́yìn gíláàsì, ẹ gbé ìkẹta sójú fèrèsé kan náà láìsí gíláàsì, ẹ sì lẹ ìkẹrin mọ́ ibi tí oòrùn kò dé ṣùgbọ́n tí fáànù ń fẹ́ sí. Fún ọ̀sẹ̀ 12, ní ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀, ẹ kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlẹ́rìí lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ kan náà. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀: èwo ló ṣá, àwọ̀ wo ló kọ́kọ́ lọ nínú eérú, èwo ló ká, èwo ló dúró. Bí ìkẹrin bá pọ́n tí ìkejì kò sì pọ́n tó o, ẹ ṣàlàyé ohun tó fà á. Ẹ ṣírò iye lux-wákàtí tí ìkẹta ti gbà bí oòrùn bá ń kàn án fún wákàtí mẹ́ta lójúmọ́. Kí ẹ tó gbé wọn sí àyè wọn, ẹ kọ orúkọ íǹkì, orúkọ pépà àti ọjọ́ tí ẹ tẹ̀ wọ́n sára àpòòwé ẹlẹ́rìí. Bí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò bá mọ orúkọ íǹkì rẹ̀, ẹ kọ ìyẹn náà síbẹ̀.